Ilé Ibojì Olódóòmù ti Sultaniyya: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wá Jù

Bí àwòrán ilé yìí bá ti jáde níbi kan báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń bi mí. Mo ti kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú, àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni ilé ibojì olódóòmù?

Ilé tí wọ́n kọ́ lé sàréè ẹnì kan lórí ni, tí òrùlé rẹ̀ sì rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Òrùlé yẹn là ń pè ní dóòmù. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní qubba, àwọn ará Páṣíà ń pè é ní gonbad, orúkọ òrùlé yìí náà ni wọ́n sì sábà máa ń fi pe gbogbo ilé. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí qubba lágbájá, ilé ibojì lágbájá ló ń sọ.

Kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Mọ́ṣáláṣí lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé kéwú náà lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tó sùn sínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Èwo ni ẹ ń sọ nínú wọn, ta ló sì ni ín?

Èyí tó wà ní Sultaniyya ni, ní ìpínlẹ̀ Zanjan, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Iran. Láàárín ọdún 1302 sí 1312 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ ohun àjogúnbá ayé sílẹ̀, fi kíkọ́ rẹ̀ sí. Ọba Oljeitu ló ni ín, ẹni tó jọba láti 1304 títí ó fi kú ní 1316. Mongol ni, ó ti ìdílé Genghis Khan wá: Hulagu tó kó Baghdad ní 1258 ló bí Abaqa, Abaqa bí Arghun, Arghun bí Oljeitu. Àwọn baba ńlá rẹ̀ fi idà wó ìlú, òun fi bíríkì kọ́ ọ. Arghun ló kọ́kọ́ fẹ́ tẹ ìlú dó síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di olú ìlú.

Ìtàn ẹ̀sìn ọba yìí nìkan tó ìwé kan. Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní kékeré, wọ́n sọ ọ́ ní Nicholas. Ó ṣe ẹ̀sìn Buddha, ó di mùsùlùmí Súnnì, nígbà tó yá ó di Ṣíà (ẹ̀ka Islam méjì ni Súnnì àti Ṣíà). Muhammad Khudabanda ni orúkọ mùsùlùmí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí sọ́kàn, nítorí ó máa jáde nísàlẹ̀.

Ṣé ó tóbi tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Ó tóbi. Láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó dóòmù rẹ̀ tó nǹkan bíi 50 mítà. Bí ẹ bá mọ Cocoa House ní Ìbàdàn, ẹ fi ojú inú pín in sí méjì, gíga rẹ̀ kò ní jìnnà sí ìdajì yẹn. Inú dóòmù fẹ̀ tó nǹkan bíi 25 mítà láti ògiri dé ògiri, kò sí òpó kankan láàárín. Ó wà lára àwọn dóòmù bíríkì tó tóbi jù láyé.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló wà, ní orí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi 1,800 mítà ju òkun lọ. Nítorí náà ojú ti máa ń rí i kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ìlú tó yí i ká nígbà náà ti lọ. Ìlú kékeré àti pápá ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyẹn náà sì mú kó dà bíi pé ó tún ga sí i.

Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ? Símẹ́ńtì dà?

Símẹ́ńtì tí à ń rà ní àpò lónìí, ọdún 1824 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n sun nínú iná ni wọ́n fi kọ́ Sultaniyya. Ohun tí àwọn bíríkìlà ilẹ̀ Iran sì fi ń mú bíríkì mọ́ra ni gípsọ́ọ̀mù: òkúta tí wọ́n jó lórí iná, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n wá fi omi pò. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun náà ni POP tí wọ́n ń ṣe sí àjà ilé ní Èkó.

Ẹni tó bá ti wo oníṣẹ́ POP rí á ti mọ ìwà rẹ̀. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí èèyàn tó bá ẹnì kejì sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó ti gan. Ìwà yẹn ló wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ dóòmù, mo ṣàlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn omi. Bí òjò bá ń wọ̀ ọ́ lára lọ́dọọdún, á rọ̀, á sì máa ṣí.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi òrùlé pẹlẹbẹ bò ó?

Kí ni wọ́n máa fi gbé e? Igi ńlá kò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lórí òkè ilẹ̀ Iran, irin kò sì sí bó ṣe wà fún wa. Bíríkì nìkan ló pọ̀, bíríkì sì ní ìwà kan: ó lè ru ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè gba kí a fà á. Ẹ kó o léra wọn dé ọ̀run, kò ní fọ́. Ẹ gbé e dábùú ojú ọ̀nà, kí ẹ wá di ẹrù lé e láàárín, abẹ́ rẹ̀ á là. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà wa fi ń ti irin sí ìsàlẹ̀ líńtẹ̀ẹ̀lì. Abẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń fà á.

Tí a bá tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, ọ̀rọ̀ yí padà. Bíríkì kọ̀ọ̀kan á máa ti ìkejì, ẹrù á sì máa rìn gba ara wọn lọ sílẹ̀. Dóòmù ni kí ẹ mú ọrun yẹn, kí ẹ yí i po lójú kan títí yóò fi di igbá. Òótọ́ ni pé àwọn akéwì fi í wé sánmà. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ bíríkìlà ti ní ìdí tirẹ̀ kí akéwì tó dé.

Báwo ni wọ́n ṣe gbé ohun róbótó ka orí ilé tó ní igun?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí, nítorí òun ni gbogbo ìtàn dóòmù dá lé. Yàrá ní igun mẹ́rin. Igbá kò ní igun. Tí ẹ bá dé igbá lé orí àpótí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yọ síta, kò ní sí ohun tí igbá jókòó lé níbẹ̀.

Ẹ wọ yàrá kan, kí ẹ wo igun rẹ̀ lókè. Ẹ mú pákó, kí ẹ gbé e dábùú igun yẹn, orí kan lórí ògiri ọ̀tún, orí kejì lórí ògiri òsì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tún gbójú sókè: ojú mẹ́rin ti di mẹ́jọ. Ojú mẹ́jọ sì ti ń sún mọ́ róbótó. Bí ẹ bá tún dábùú àwọn igun mẹ́jọ náà, ó di mẹ́rìndínlógún, igbá á sì rí ibi jókòó. Dípò pákó, ọrun bíríkì kékeré ni àwọn bíríkìlà ìgbà náà ń tẹ̀ sí igun.

Ibi tí èèyàn ti lè rí i kedere jù ni ilé ibojì àwọn ọba Samanid ní Bukhara, ní Uzbekistan, ti ọ̀rúndún kẹwàá. Ilé kékeré ni, ojú kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ. Wọ́n to bíríkì rẹ̀ débi pé ògiri dà bí agbọ̀n tí wọ́n hun, bí oòrùn bá sì ń yí, òjìji ń yí lára rẹ̀. Tí ẹ bá wọlé tí ẹ wòkè, ẹ óò ka ìgbésẹ̀ yẹn bí ẹni ń ka ABD: mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́jọ lórí rẹ̀, mẹ́rìndínlógún, lẹ́yìn náà igbá.

Ní Sultaniyya wọ́n gé ọ̀nà kúrú. Láti orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé náà ní ojú mẹ́jọ, nítorí náà ìdajì iṣẹ́ ti parí kí wọ́n tó dé òkè. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí wọ́n fi bíríkì tò bí afárá oyin, ìpele lórí ìpele, kí ìkọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ síwájú ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, títí igun mẹ́jọ yóò fi parẹ́ sínú róbótó. Àwọn àlejò máa ń pe afárá yẹn ní ọ̀ṣọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wò bóyá dóòmù á dúró.

Pákó mélòó ni wọ́n fi gbé dóòmù ró kó tó gan?

Èrò wa ni pé bí a ṣe ń da dẹ́kì náà ni: ká kan pákó sábẹ́, ká fi igi gbé e, ká dà á, ká dúró. Àwọn ará Iran ti kọ́ ọ̀nà láti fi pákó díẹ̀ ṣe é, nígbà mìíràn láìfi pákó kankan sábẹ́. Ibẹ̀ ni ìwà gípsọ́ọ̀mù ti wúlò. Bíríkìlà á lẹ bíríkì mọ́ ibi tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó ti mú. Á lẹ ìkejì. Tí yíyípo kan bá ti pé tí orí kan ìdí, òrùka náà ti há mọ́ra, kò lè já sínú mọ́, torí ibi tó fẹ́ já sí kò gbà á. Wọ́n á gun orí rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òrùka tó kàn, tó kéré sí i díẹ̀.

Igi tí bíríkìlà ń dúró lé wà o. Ohun tí kò sí ni igbó pákó lábẹ́ gbogbo òrùlé.

Kí ni wọ́n ń pè ní dóòmù eléèpo méjì?

Igbá méjì ni, ọ̀kan wà nínú ìkejì, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ní Sultaniyya àlàfo yẹn kò fẹ̀, àwọn egungun bíríkì ló so èèpo inú pọ̀ mọ́ ti ìta bí ìhà ṣe so ẹ̀yìn mọ́ àyà. Èyí mú kó le bí ògiri tó nípọn, àmọ́ kò wúwo tó o, torí afẹ́fẹ́ ló wà láàárín. Èèpo ìta gba òjò, yìnyín àti oòrùn. Ti inú sì wà láìfarapa fún àwọn tó bá gbójú sókè.

Ní Samarkand, ní Uzbekistan, ní ilé ibojì Timur, ọba ajagun kan, tí wọ́n ń pè ní Gur-e Amir, ìdí mìíràn ló wà níbẹ̀. Ìta ga gan-an kí gbogbo ìlú lè rí i, ti inú wá nísàlẹ̀ kí yàrá má baà dà bí kànga. Àlàfo ńlá ló wà láàárín méjèèjì, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹni tó dúró nínú ilé kò mọ̀ pé òrùlé tí òun rí níta kọ́ ni òun ń wò.

UNESCO pe Sultaniyya ní dóòmù eléèpo méjì tó pẹ́ jù lára àwọn tó kù ní Iran. Mi ò bá wọn fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ ibojì méjì kan wà ní Kharraqan, ti 1067 àti ti 1093, tí dóòmù tiwọn náà jẹ́ eléèpo méjì. Kékeré ni wọ́n. Èmi á kúkú sọ pé Sultaniyya ni àkọ́kọ́ tó fi èèpo méjì bo ibi tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni mínárẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ń ṣe lórí rẹ̀? Àbí ẹni mẹ́jọ ló ń pe ìrun?

Rárá. Ẹ mú ọsàn kan, kí ẹ gé e sí méjì, kí ẹ fún un, kí ẹ yọ inú rẹ̀ títí á fi ku èèpo nìkan. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí. Òkè rẹ̀ kò ní fọ́. Etí rẹ̀ nísàlẹ̀ ló máa fẹ̀ síta, tí á sì là láti etí lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dóòmù ṣe ń là. Ẹrù rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ síta.

Ọ̀nà láti dá a dúró pọ̀. Ẹ lè mú kí ògiri nípọn. Ẹ lè jẹ́ kí orí dóòmù ṣonṣo díẹ̀ dípò kó rí róbótó pátápátá, torí èyí tó ṣonṣo kì í ti ẹ̀gbẹ́ tó ti róbótó. Ẹ sì lè di ẹrù lé orí ògiri níbi tí títì yẹn ti ń bọ̀, kí ẹrù náà tẹ agbára yẹn wálẹ̀ kí ó tó jáde. Wọ́n lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Sultaniyya. Mínárẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jókòó sórí igun kan nínú mẹ́jọ, bí òkúta tí èèyàn gbé lé etí ẹní kí atẹ́gùn má baà ká a.

Ó tún yí dóòmù ká bí adé, mi ò sọ pé kò rẹwà. Òkè ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ́ báyìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ búlúù?

Ẹ rántí pé gípsọ́ọ̀mù kò fẹ́ omi, àti pé yìnyín ń bọ́ ní Sultaniyya. Ohun tó bo dóòmù náà ni amọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ra ohun tó ń dán sí lójú kí wọ́n tó sun ún, kó lè dán bí abọ́ tánganran. Omi ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ. Ẹ̀wù òjò ni, ẹ̀wù òjò tó lẹ́wà.

Bàbà tí wọ́n jó ló ń mú àwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ jáde, kóbáltì ló ń mú èyí tó dúdú bí aró jáde. A mọ bí wọ́n ṣe ń po àwọn nǹkan wọ̀nyí lásìkò yẹn gan-an, torí Abu'l-Qasim ará Kashan, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1301. Ọkùnrin yìí náà ló wá kọ ìtàn ìjọba Oljeitu. Ó mọ ọba, ó sì mọ ohun tí wọ́n fi bo orí sàréè ọba.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tó ga fíofío, tí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ jíjìn tó tẹ̀ bí ọrun. Àtẹ̀gùn wà nínú ògiri tó gbé èèyàn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà lókè pátápátá tó kọjú síta, ìyẹn ṣọ̀wọ́n fún ilé ibojì: ojú mẹ́jọ, àjà mẹ́ta mẹ́ta lójú kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Bí ẹ bá lè dé ibi kan péré nínú ilé yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Àjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi gípsọ́ọ̀mù fín, tí wọ́n kùn, kò sì sí méjì tó máa sú ojú. Bí ojú ìwé àkọ́kọ́ Àlùkùráánì tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n rí.

Ibo gan-an ni òkú wà?

Abẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe Sultaniyya nìkan, bó ṣe wọ́pọ̀ nìyẹn. Ní Gur-e Amir, òkúta tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò láàárín yàrá, tó fi mọ́ òkúta aláwọ̀ ewé dúdú ti Timur, àmì lásán ni. Sàréè wà ní yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n tò bí àmì òkè ṣe tò. Àwọn onímọ̀ Soviet ṣí ti Timur ní oṣù kẹfà ọdún 1941, àwọn ló rí i pé lóòótọ́ ni ọba náà yarọ.

Ní Sultaniyya, wọ́n so gbọ̀ngàn gígùn kan mọ́ ilé olójú mẹ́jọ náà ní apá gúúsù, yàrá abẹ́ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé torí òkú Ali àti Husayn ni wọ́n ṣe kọ́ ọ?

Ìtàn yẹn gbajúmọ̀: pé nígbà tí Oljeitu di Ṣíà, ó fẹ́ gbé òkú Ali, ọkọ ọmọ Ànábì, kúrò ní Najaf àti ti Husayn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Karbala wá sí Sultaniyya, kí ìlú tuntun rẹ̀ lè di ibi àbẹ̀wò, pé Ali fara hàn án lójú àlá, ó sì kọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́, èmi náà kò gbà á. Nǹkan bíi 1310 ni ọba di Ṣíà, ìgbà yẹn iṣẹ́ ilé ti rìn jìnnà. Èèyàn kì í tìtorí àlejò tí kò tíì rò lọ́kàn fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ohun tó jọ òótọ́ jù ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ghazan ti kọ́ ilé ibojì ńlá fún ara rẹ̀ ní Tabriz. Àbúrò wo ló fẹ́ kí tirẹ̀ kéré? Ti Ghazan ti wó pátápátá.

Ṣé Islam tiẹ̀ gbà kí wọ́n kọ́ ilé lé sàréè?

Hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Jabir sọ wà nínú àkójọ onímọ̀ tó ń jẹ́ Muslim: Ànábì kọ̀ kí wọ́n rẹ́ sàréè, kí wọ́n jókòó lé e, kí wọ́n sì kọ́ ilé lé e. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Síbẹ̀, láti Cairo dé Delhi, ọba mùsùlùmí tó kọ́ dóòmù lé sàréè kò lóǹkà. Àwọn àáfà kan kọ̀ ọ́ gan-an, àwọn kan gbà á fún àwọn ẹni ńlá, àwọn ọba kò sì dúró gbọ́ ìdájọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà fi ẹ̀sìn bò ó ni pé wọ́n á fi ohun ìní sílẹ̀ kí wọ́n máa ké Àlùkùráánì níbẹ̀. Wọ́n ṣe Àlùkùráánì ọlọ́gbọ̀n apá kan ní Hamadan ní 1313 fún ilé ibojì Oljeitu. Kò pẹ́ níbẹ̀: nígbà tó fi máa di 1326 ó ti wà ní Cairo, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ọmọ olóògbé ṣe ń bá àáfà fa ọ̀rọ̀ lórí táìsì tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ sàréè bàbá wọn níwájú ilé kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dóòmù Jerúsálẹ́mù ńkọ́? Ti Mẹ̀dínà ńkọ́?

Èyí tó wà ní Jerúsálẹ́mù kì í ṣe ilé ibojì. Orí àpáta ni kálífà Abd al-Malik kọ́ ọ lé, ó parí ní nǹkan bíi 691 sí 692. Ojú mẹ́jọ ló ní lóòótọ́, igi sì ni wọ́n fi ṣe dóòmù rẹ̀, kì í ṣe bíríkì. Àpẹẹrẹ ojú mẹ́jọ yẹn ti wà lójú ayé tipẹ́ kí Sultaniyya tó dé.

Ti Mẹ̀dínà wà lókè sàréè Ànábì, àmọ́ kò sí dóòmù níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Súlútàánì Qalawun ti Egypt ló kọ́kọ́ fi igi ṣe ọ̀kan ní 1279. Àwọ̀ ewé tí gbogbo wa fi mọ̀ ọ́n, 1837 ni wọ́n kùn ún.

Ṣé irú rẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà?

Ilé ibojì ọba wà, dóòmù kò sí lórí rẹ̀. Ibojì Askia ní Gao, ní Mali, ti 1495, ga tó mítà mẹ́tàdínlógún. Amọ̀ tútù ni, wọ́n kó o jọ bí òkìtì onípele, igi sì yọ jáde lára rẹ̀ níbi gbogbo. Àwọn igi yẹn náà ń ṣiṣẹ́: orí wọn ni àwọn tó ń tún amọ̀ rẹ́ máa ń gùn. Gao kò ní ìdí láti sun bíríkì bíi ti Iran, ó lo ohun tó wà nílé. UNESCO gba tirẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé ní 2004, ti Sultaniyya tẹ̀ lé e ní 2005.

Ṣé lára Sultaniyya ni àwọn tó kọ́ Taj Mahal ti India ti kọ́gbọ́n?

Ìlà kan wà tí a lè tọ̀. Timur mọ Sultaniyya, ọwọ́ rẹ̀ ló bọ́ sí. Clavijo, ikọ̀ ọba Castile ní Spain, dé ìlú náà ní 1404 nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọjà ńlá. Gur-e Amir ti Samarkand tẹ̀ lé e, dóòmù eléèpo méjì. Babur, ìran Timur, ló dá ìjọba Mughal sílẹ̀ ní India. Ayàwòrán-ilé tó wá láti ìhà Páṣíà, Mirak Mirza Ghiyas, ló ṣe ilé ibojì Humayun, ọba Mughal, ní Delhi ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, eléèpo méjì. Shah Jahan, tí òun náà jẹ́ ìran Timur, wá bẹ̀rẹ̀ Taj Mahal ní 1632, eléèpo méjì. Màbùlù funfun ló jẹ́ ká rò pé ìran mìíràn ni.

Àwọn kan ní lára Sultaniyya ni ìlú Florence ní Ítálì ti jí dóòmù tirẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Piero Sanpaolesi, ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ lórí Sultaniyya, ló gbé èrò pé méjèèjì tan mọ́ra jáde. Ẹ ò lè kàn fọwọ́ rọ́ ọ tì. Dóòmù tí Brunelleschi kọ́ ní Florence láàárín 1420 sí 1436 ní ojú mẹ́jọ, eléèpo méjì ni, egungun so èèpo pọ̀, wọn kò sì fi igbó pákó gbé e. Àwọn oníṣòwò Ítálì ń ná ọjà ní Tabriz àti Sultaniyya, Póòpù John XXII sì yan bíṣọ́ọ̀bù àgbà fún Sultaniyya ní 1318. Ojú Òyìnbó ti rí ilé yẹn dáadáa.

Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tó so Brunelleschi mọ́ ọn, ọ̀nà tí òun gbà to bíríkì sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lójú tèmi, ẹni méjì tó bá ìṣòro kan náà pàdé, tí ohun èlò wọn jọra, lè dé ibi kan náà láìríra. Èèpo ọsàn máa ń là bákan náà ní Florence àti ní Sultaniyya.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣí rẹ́lé tó bo táìsì inú rẹ̀ kúrò?

Ọ̀rọ̀ tó le jù nìyí. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi bíríkì àti táìsì ṣe inú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ pátá. Kò pẹ́ rárá, lásìkò Oljeitu kan náà, wọ́n rẹ́ gípsọ́ọ̀mù bo gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ya òdòdó àti ọ̀rọ̀ Àlùkùráánì lé e, búlúù lórí funfun. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ohun tó fà á. Àwọn kan so ó mọ́ ẹ̀sìn ọba tó yí padà, àwọn kan so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà.

Tí wọ́n bá ṣí èkejì kúrò kí a lè rí èkíní, ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ní bíi 1313 ni wọ́n pa run, òun náà sì ti lé ní 700 ọdún. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, èkíní á wà nínú òkùnkùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni irin àti igi àwọn tó ń tún un ṣe fi dúró nínú gbọ̀ngàn náà, tó ba fọ́tò ọ̀pọ̀ àlejò jẹ́. Ní àwọn ibi kan, rẹ́lé ti já fúnra rẹ̀: funfun ti ká sẹ́yìn bí èèpo iṣu, táìsì búlúù ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Èmi á ní kí wọ́n lẹ etí funfun yẹn mọ́lẹ̀ kó má já mọ́, kí wọ́n sì fi ihò náà sílẹ̀ bó ṣe wà.